Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olóòtú ètò ìlera lórí rédíò Yorùbá: ẹ bá wa bi wọ́n pé, “Ó tó mélòó?”

Ẹ̀yin olóòtú ètò ìlera lórí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò wa tí ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà lórí oúnjẹ ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, mo sì mọ̀ dájú pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yín ń dé etí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo pọ̀ ju àwọn tí èmi yóò rí sójú títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tí ó ń jókòó níwájú mi kì í sábà mú ìbéèrè wá mọ́. Ìdáhùn ni wọ́n máa ń mú wá, láti ẹnu àlejò tí ó wá sórí ètò yín tàbí láti inú ìpolówó tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n ní àmàlà kì í mú ni sanra. Wọ́n ní òróró ólífì kò ní kálórì. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń fi omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣínu láràárọ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Gbangba ni a ti ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà mi sí gbangba pẹ̀lú.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá jókòó sídìí gbohùngbohùn yín tí ó ní oúnjẹ kan ń mú ni sanra, tàbí pé òmíràn ń mú ara fúyẹ́, ẹ bi í pé, “Ó tó mélòó?” Bí ó bá rí i dáhùn, kí ó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ó bá ń fọ́nnu tí kò dáhùn, kí àwọn tí ń gbọ́ yín mọ̀ pé kò dáhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àṣìlóye tí ó ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu nípa kálórì àti ara sísanra ló ti ibi kan náà jáde: a ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a jẹ, a kì í sọ̀rọ̀ nípa iye tí a jẹ.

Kálórì kì í ṣe èròjà tí ó lè wà nínú oúnjẹ kan kí ó má sí nínú òmíràn, bí ata tàbí iyọ̀. Ìwọ̀n agbára ni. Irú èyí tí a ń kọ sára páálí oúnjẹ ni iye agbára tí yóò mú kí kílò omi kan gbóná sí i ní díẹ̀, ìyẹn dígírì Sẹ́ńtígíréètì kan péré. Ní àwọn ọdún 1890, Wilbur Atwater, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wesleyan ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ṣe yàrá kékeré kan tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń wọn oúnjẹ tí ó ń wọlé, ooru tí ara ń tú jáde, afẹ́fẹ́ tí onítọ̀hún ń mí àti ohun tí ó ń yà. Láti inú iṣẹ́ òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ni a ti rí ìṣirò tí gbogbo ayé ṣì ń lò: gíráàmù kan sítáàṣì tàbí ṣúgà ń fún ara ní nǹkan bí kálórì 4, èròjà amúaradàgbà ń fún un ní 4, ọ̀rá ń fún un ní 9, ògidì èròjà inú ọtí sì ń fún un ní 7. Oúnjẹ yòówù tí ó bá ń fún ni lágbára ní kálórì, nítorí pé agbára náà ni a ń kà. Omi nìkan ni a lè mu ní àmuyó tí òǹkà rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ òdo.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òkèlè, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná jù lórí àwọn ètò yín. Àlejò kan yóò ní kí a fi ẹ̀bà sílẹ̀, kí a jẹ whít. Èkejì yóò ní iyán ni ọ̀tá, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rẹ́. Ẹ bá mi gbé gàrí, èlùbọ́ iṣu, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, sèmó, whít àti óòtì sórí tábìlì kan náà ní gbígbẹ, kí omi tó kàn wọ́n. Gíráàmù 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láàárín nǹkan bí kálórì 330 sí 390. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò tó èyí tí ó wà láàárín ìgbakọ kan àti ìgbakọ kan ààbọ̀. Ohun tí ó ń yí padà nígbà tí a bá rò wọ́n ni omi: àmàlà tí ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ gba omi púpọ̀, nítorí náà òkìtì rẹ̀ lè tóbi ju ti ẹ̀bà líle lọ kí kálórì rẹ̀ sì kéré. Níbi tiwa yìí, kò sí aburú kankan bí omi bá pọ̀ ju ọkà lọ.

Obìnrin oníṣòwò kan wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ó ti fi iyán àti ẹ̀bà sílẹ̀. Whít nìkan ni ó ń jẹ, ọ̀sán àti alẹ́, síbẹ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀ kò yẹ̀ láti ibi tí ó wà, ó sì ti ń ronú pé àwọn ọ̀tá ilé ọkọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo gbé abọ́ lé òṣùwọ̀n ìdáná, mo ní kí ó bu ìyẹ̀fun náà sínú rẹ̀ gan-an bí ó ti máa ń bù ú nílé fún ara rẹ̀ nìkan. Ó bù ú, ó tún fi díẹ̀ lé e, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Òṣùwọ̀n ní gíráàmù 210. Kálórì bíi 700 nìyẹn, ọbẹ̀ kò tíì débẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó da òróró sínú abọ́ mìíràn bí ó ti máa ń dà á fún ìkòkò ọbẹ̀ tí àwọn mẹ́rin ń jẹ ní ẹ̀ẹ̀kan. Gíráàmù 240. Bí a bá pín in sọ́nà mẹ́rin, gíráàmù 60 ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kálórì 540 láti inú òróró nìkan. Ó wo òṣùwọ̀n náà títí, ó wá ní, “Wọn ò sọ fún mi pé kí n wọ̀n ọ́n, Dókítà. Wọ́n ṣáà ní kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni.” (Gbogbo ẹni tí ó bá ti wọ aṣọ funfun ní ilé ìwòsàn, Dókítà ni.) Òótọ́ ni ó sọ. Ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe láìyẹsẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe gan-an ni kò pé.

N kò sọ pé ìyàtọ̀ kò sí láàárín oúnjẹ kan àti èkejì. Whít tí a kò bó eèpo rẹ̀ dànù ní fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí ara kì í lè dà tán, ju sèmó lọ, fáíbà a sì máa jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú. Fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, bí ṣúgà ṣe ń yára wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì, ó sì lè mú kí dókítà rẹ̀ yan oúnjẹ kan ju òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ sí kí a sọ fún gbogbo ìlú pé ẹni tí ó bá ti ń jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè jẹ ẹ́ títí yóò fi tó ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òróró ni ó burú jù, nítorí pé kì í hàn lójú. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14, kálórì rẹ̀ sì jẹ́ bíi 120, ìbáà ṣe epo pupa, ìbáà ṣe òróró ẹ̀pà, ìbáà ṣe òróró ólífì tí a fi owó gọbọi rà. Òróró ólífì dára fún ọkàn ju àwọn mìíràn lọ, n kò jiyàn. Ara kò kàn ní gba kálórì tí ó kéré nínú rẹ̀ nítorí owó tí a san. Ẹ̀gúsí tí a lọ̀ ju kálórì 550 lọ nínú gíráàmù 100, kí a tó fi epo dín in. Oyin náà tí àwọn àlejò yín máa ń ní kí a fi rọ́pò ṣúgà nítorí ara sísanra, ṣíbí ńlá kan rẹ̀ ju kálórì 60 lọ. Ẹni tí ó bá fi ṣíbí oyin mẹ́ta sínú tíì láàárọ̀ ti mu kálórì bíi 190, kò sì tíì jẹ nǹkan kan.

Ohun mímu aládùn ńkọ́? Èyí tí gíráàmù ṣúgà 10 bá wà nínú mílílítà 100 rẹ̀, ìgò 50cl rẹ̀ gbé gíráàmù 50 dání, kálórì 200, kò sì ní kí ebi má pa ẹni tí ó mu ún. Ìjọba Nàìjíríà fi òfin ìṣúná ọdún 2021 gbé owó-orí náírà 10 lé lítà irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ọ lórí ètò ìlera kan pé kí a dín in kù kí ara lè fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ iyán kò rí ọjọ́ kan sinmi lẹ́nu wọn.

Àṣìlóye kejì tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ti eré ìdárayá. Gbogbo wa la gbà pé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá wa ní oko kì í sanra nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ agbára, tí wọ́n ń sun kálórì ju ará ìlú ńlá lọ. Ó dà bí ohun tí kò nílò ẹ̀rí. Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Loyola ní Chicago bá àwọn onímọ̀ ìlera ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ pọ̀ láti wọ̀n ọ́n. Wọ́n mú àwọn obìnrin láti ìgbèríko Ìbàràpá níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago, tí wọ́n sanra ju àwọn tiwa lọ dáadáa. Wọ́n fún wọn ní omi tí a ṣe àmì sí átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ mu, wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wọn wò láti mọ iye agbára tí ara kọ̀ọ̀kan ń ná. Nígbà tí wọ́n ti yọ ti ìtóbi ara kúrò nínú ìṣirò, agbára tí àwọn obìnrin Ìbàràpá ń ná sórí iṣẹ́ àti ìrìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin Maywood. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 tún fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, iye agbára tí obìnrin kan ń ná kò lè fi ẹni tí yóò sanra hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní sanra. Ní ọdún 2012, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Herman Pontzer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tí ó jọ èyí lára àwọn ará Hadza ní Tanzania, tí wọ́n ń dẹ ìgbẹ́ tí wọ́n sì ń wú gbòǹgbò jẹ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni a ti ṣe iṣẹ́ ti Ìbàràpá yẹn, n kò sì mọ ìdí tí kò fi jẹ́ òun ni ó gba ẹnu yín kan dípò ohun tí ẹnì kan rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé ara máa ń ṣọ́ ìnáwó rẹ̀, ìyẹn agbára tí ó ń ná. Ẹ fi ìṣirò ti ojoojúmọ́ kún un: obìnrin tí ó wọn kílò 75 tí ó bá fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà 5 yóò ná nǹkan bíi kálórì 250. Ṣíbí òróró méjì péré nìyẹn. Ìrìn wákàtí kan ni, òróró náà kò sì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti dà. Kí a máa rìn o. Ìrìn ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ó ń ran ara lọ́wọ́ láti kápá ṣúgà, ó sì ń ran ẹni tí ó ti fúyẹ́ lọ́wọ́ kí ó má padà sí ibi tí ó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ fún pé ìrìn àárọ̀ yóò pa ohun tí ó jẹ lálẹ́ rẹ́, irọ́ ni a pa fún un. Bákan náà ni ti àwọn tí ń di náílọ́ọ̀nù lámùrè mọ́ ikùn sáré ní pápá ìṣeré tí wọ́n ń fi òógùn yangàn. Omi ni òógùn, ìgò omi kan ni yóò dá a padà. Kò sì sí eré ìdárayá tí ń yan ikùn nìkan láti mú ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Ara ló ń yan ibi tí yóò ti kọ́kọ́ mú un.

Mo wá dé orí èyí tí ó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí gan-an, ìyẹn tíì àti àgbo tí ń “tú ọ̀rá”. Mo mọ̀ pé owó ìpolówó wọn ń ran ilé-iṣẹ́ rédíò lọ́wọ́, iná ọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, díísẹ̀lì sì wọ́n. Síbẹ̀ ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ewé sẹ́nà wà nínú rẹ̀, ewé tí ń mú ni yàgbẹ́. Inú ìfun ńlá ni sẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba agbára inú oúnjẹ. Nígbà tí oúnjẹ bá fi máa dé ibi tí tíì náà ti ń dúró dè é, ara ti gba ohun tí ó fẹ́ gbà nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń jáde ni omi, ìgbẹ́ àti àwọn iyọ̀ tí ara nílò, pàápàá pòtásíọ̀mù tí ọkàn nílò kí ó tó lè lù déédéé. Òṣùwọ̀n yóò sọ̀ kalẹ̀ ní kílò kan tàbí méjì lóòótọ́, nítorí pé omi náà wúwo, olùtajà yóò sì wá ní kí ẹ wá wo ẹ̀rí. Nígbà tí onítọ̀hún bá mu omi tí ó tún jẹun, ìwọ̀n yóò padà, wọn yóò sì ní kí ó ra páálí kejì.

Ìdí kan náà ni kílò ṣe máa ń já kíákíá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá fi sítáàṣì sílẹ̀ pátápátá. Ara ń tọ́jú sítáàṣì díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, nǹkan bíi gíráàmù omi mẹ́ta sì ń bá gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gbé. Bí a bá ná an tán, omi rẹ̀ yóò bá a lọ. Kílò ọ̀rá kan gan-an, bí ó ti wà lára ènìyàn, gbé nǹkan bíi kálórì 7,700 dání. Ẹ wá bá mi bi ẹni tí ó ní àgbo òun ń yọ kílò márùn-ún ọ̀rá láàárín ọjọ́ mẹ́ta pé níbo ni kálórì 38,500 gbà lọ, nígbà tí àgbàlagbà ẹni kan kì í sábà ná ju 2,000 sí 3,000 lọ lóòjọ́, bí kò tilẹ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu rárá.

Àwọn kan sì wà tí ó burú ju sẹ́nà lọ. Sibutramine jẹ́ oògùn tí ń pa ebi, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ní ọdún 2010 nítorí pé ó ń fa àìsàn ọkàn àti rọpá-rọsẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti ń bá a léraléra nínú àwọn kápúsù, kọfí àti tíì tí páálí wọn ń kéde pé ewé àti egbò nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà NAFDAC pa yín lẹ́nu mọ́. Nọ́ńbà tí àgbo kan gbà nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń ṣe ohun tí wọ́n sọ lórí rédíò. Lára páálí irú wọn ni a ti ń kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ kà á sí etí àwọn olùgbọ́ yín.

Ẹni tí àníyàn rẹ̀ pọ̀ jù lọ́kàn mi ni ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó ń lo ínsúlínì tàbí àwọn oògùn tí ń mú kí ara tú ínsúlínì jáde, tí ó sì gbọ́ lórí ètò pé kí òun máa mu tíì dípò oúnjẹ alẹ́. Oògùn náà kò mọ̀ pé kò jẹun. Yóò máa já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí òógùn yóò fi bò ó, tí ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, tí ó lè dákú, tí ó sì lè má jí bí kò bá sí ẹni nílé. Aboyún náà ńkọ́, àti ìyá tí ń fọ́mọ lọ́yàn? Mi ò tíì gbọ́ ìpolówó kan tí ó yọ wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ti oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n ní ó ń di ọ̀rá bí a bá jẹ ẹ́ lẹ́yìn aago méje, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Aago méje kì í sọ oúnjẹ di ọ̀rá. Ẹni tí ó bá jókòó síwájú tẹlifíṣàn tí ó ń fi ẹ̀pà àti bisikíìtì panu títí di aago mọ́kànlá yóò sanra nítorí ohun tí ó fi kún oúnjẹ ọjọ́ náà.

Àwọn tí ń gbàgbọ́ pé ara wọn ti “kú” lẹ́yìn ọmọ kejì tàbí lẹ́yìn ogójì ọdún pọ̀ níwájú mi. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kó ìwọ̀n agbára tí ó ju 6,400 ènìyàn lọ ń ná jọ láti orílẹ̀-èdè 29, láti orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ títí dé ẹni ọdún 95. Nígbà tí wọ́n ti ro ti ìtóbi ara àti iṣan mọ́ ọn, ìnáwó ara kò yẹ̀ láàárín ogún ọdún sí ọgọ́ta ọdún. Ohun tí ó ń yí padà ni ìgbésí ayé: ọkọ̀ ti dé, oúnjẹ ọmọ tí ó kù sínú abọ́ ń wọ ẹnu ìyá, wàhálà ọ̀sán ń di oúnjẹ òru. Àwọn mìíràn ní bí àwọn bá dín oúnjẹ kù, ara yóò dì, kò sì ní fúyẹ́ mọ́. Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1944 sí 1945, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Ancel Keys, fún àwọn ọkùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ní oúnjẹ tí kò tó fún ọ̀sẹ̀ 24. Ara wọn fa ìnáwó sẹ́yìn lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn, ìyà sì jẹ wọ́n gidigidi.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tibi báyìí wá rò pé ìṣirò nìkan ni gbogbo rẹ̀, nítorí pé àwọn oníṣirò náà ní àṣìlóye tiwọn. Dókítà Max Wishnofsky ni ó kọ ọ́ ní ọdún 1958 pé kálórì 3,500 bá ìwọ̀n ara pọ́n-ùn kan (nǹkan bí ìdajì kílò) mu, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí ó bá dín kálórì 500 kù lóòjọ́ yóò máa pàdánù pọ́n-ùn kan lọ́sẹ̀ títí lọ. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, ẹni náà yóò kúkú pòórá lọ́jọ́ kan. Kevin Hall, nígbà tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí ara ṣe ń kéré sí i ni ìnáwó rẹ̀ ń dín kù, nítorí náà ohun tí ènìyàn yóò rí ní òpin ọdún kìíní kò ju nǹkan bí ìdajì ohun tí òfin náà ṣèlérí lọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wo àwọn 14 kan tí wọ́n ti díje lórí tẹlifíṣàn láti dín ara kù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, púpọ̀ nínú wọn ti sanra padà, síbẹ̀ ara wọn, nígbà tí wọ́n bá ń sinmi, ń ná nǹkan bíi kálórì 500 lóòjọ́ kéré sí ohun tí a lè retí lára irú wọn. Àbájáde náà jáde ní ọdún 2016. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní máa fi ẹni tí ó sanra ṣe ẹlẹ́yà lórí afẹ́fẹ́ pé ọ̀jẹun ni. Àwọn oògùn kan wà tí ń mú ni sanra, àwọn stẹ́rọ́ọ̀dù àti díẹ̀ nínú oògùn àìsàn ọpọlọ wà lára wọn. Ẹṣẹ́ tàírọ́ọ̀dì inú ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè dá kún un. Ohun tí a jogún lára òbí sì ní ipa tí ó lágbára. Ẹ̀rín yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n wá sí ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ alágbo ni ó ń lé wọn lọ.

Irú oúnjẹ tí a ń jẹ sì ṣe pàtàkì, nítorí pé ó ń pinnu iye tí a ó jẹ kí a tó yó. Hall yìí kan náà mú àwọn 20 wọ ilé ìwòsàn, ó fún wọn ní oúnjẹ ilé-iṣẹ́ alápò àti alágolo fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ tí a sè láti inú ohun oko fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, ó sì ní kí wọ́n jẹ bí ó bá ti wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ti ilé-iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bíi kálórì 500 lé e lóòjọ́ láìmọ̀. Ọdún 2019 ni a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ní ọdún 2018, wọ́n pín àwọn 609 sí méjì, apá kan dín ọ̀rá kù, apá kejì dín sítáàṣì kù, fún odidi ọdún kan. Àwọn ọlọ́rá-díẹ̀ pàdánù kílò 5.3, àwọn onísítáàṣì-díẹ̀ pàdánù 6.0, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá rọrùn fún láti dín ẹ̀bà kù, kí ó dín in. Ẹni tí ó bá rọrùn fún láti dín epo kù, kí ó dín in. Ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà àti ẹja kún abọ́ fún owó tí kò pọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí inú tètè kún.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ní ná yín lówó púpọ̀. Ẹ ya ìpolówó sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́ni, kí olùgbọ́ mọ ìgbà tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń ta ọjà. Ẹ má ṣe fi orúkọ “Dókítà” pe ẹni tí kò lè sọ ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó di àṣà pé nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ dídín oúnjẹ kù, ẹ ó kìlọ̀ fún aboyún, fún ọlọ́mọ lọ́yàn àti fún ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ pé kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà wọn. Ẹ sì gbé òṣùwọ̀n ìdáná kan sínú yàrá ètò yín, irú èyí tí ń fi gíráàmù hàn, ó wà ní ọjà Dùgbẹ̀. Bí àlejò bá dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òkèlè rẹ̀, kí ó bu ìyẹ̀fun náà sínú abọ́, kí ó ka iye tí ó rí fún àwọn tí ń gbọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò bá yín ṣe ti àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba yóò wá láìgba kọ́bọ̀, a ó sì ti ilé gbé gàrí dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùtọ́sọ́nà oúnjẹ kan ní Ìbàdàn